Alántakùn Ara Ilẹ̀kùn: Ọjọ́ Méje Tí Mo Fi Tọpa Bedford Ẹ̀gbọ́n

Sátidé

Agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé Kent. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà abà náà sì fẹ́ bọ́ bàtà mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti dé ṣáájú mi. Wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n fi fìlà onírun bo etí, wọ́n gbé fláàsì tíì lé orí táyà.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ní ti ìyá tàbí ti bàbá. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí mo bá wọn tún gíá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe láìgba kọ́bọ̀ ni wọ́n ti sọ mí di àbúrò, láti ìgbà náà kò sì sí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí tí mo lè kọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí báyìí ló dúró sínú abà yẹn: Bedford QL, lọ́rì àsìkò Ogun Hítílà. Luton ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ Vauxhall. Láti 1941 dé 1945, irú rẹ̀ tó jáde níbẹ̀ lé ní 50,000. Òun ni Bedford àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ẹrẹ̀ ojú ogun. Sìlíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́ta àti ààbọ̀, agbára ẹṣin 72. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta ló ń rù, kò mọ eré sá, ariwo gíá rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin máa ń sọ pé Bedford kì í kú, àwọn tó ni ín ló ń kú. Orí ṣáàsí Bedford ni wọ́n ń kan pákó bọ́lẹ̀kájà lé nígbà tiwọn, wọ́n sì lè mọ èyí tó ń bọ̀ lọ́nà látinú ohùn rẹ̀ nìkan.

Àwòrán ara ilẹ̀kùn ló mú Ẹ̀gbọ́n ra eléyìí. Róbótó aláwọ̀ yẹ́lò ni, alántakùn dúdú na ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú rẹ̀. Àmì 81st (West Africa) Division nìyẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Ànáńsí àwọn Aṣáńtì ni alántakùn náà. Ká ní Yorùbá ni wọ́n bi, Ìjàpá ni ì bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé Ìjàpá lọ ojú ogun tí kò ní tà á?

Bàbá Ẹ̀gbọ́n wà nínú ogun náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọn kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu bàbá nígbà tí ẹmu bá ti wọra díẹ̀: "Ní Bọ́mà, lọ́rì ni gbogbo ẹrù wà." Nítorí náà, dẹ́rẹ́bà ni bàbá. Nítorí bàbá ni Ẹ̀gbọ́n náà fi lọ wa bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹni tó ń ta lọ́rì yìí sì sọ fún wọn pé láti Bọ́mà ló ti bọ̀, wọn ò tún nájà mọ́.

Mo wo lọ́rì, mo wo Ẹ̀gbọ́n, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ní 1946, pápá ológun kún fún lọ́rì àlòkù káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ta ló máa wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé òmíràn bọ̀ láti Bọ́mà?

Wọ́n fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀ dájú kí a tó ra ọ̀dà tuntun. Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́. A bẹ̀rẹ̀.

Sọ́ńdè

Ẹ̀gbọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti ilẹ̀kùn la jọ ṣe ìsìn tiwa.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ọkọ̀, ọ̀dà ni kó kọ́kọ́ bi léèrè, kó tó bi ìwé. Mo wá ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ alántakùn, mo fi téèpù pààlà ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo rẹ sáńdípépà sínú omi ọṣẹ, nítorí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Mo wá ń yí i róbótó, mi ò fà á síwá sẹ́yìn. Téèyàn bá yí i bẹ́ẹ̀ láìkánjú, àwọn ọ̀dà á máa yọ jáde ní òrùka nínú òrùka, bí àlùbọ́sà tí wọ́n gé sí méjì.

Òrùka tó wà níta pátápátá jẹ́ àwọ̀ ewé tí kò dán, ọ̀dà òde òní tó rọ̀ bí epo àbẹ́là. Lábẹ́ rẹ̀ ni pupa kan wà, pupa tó le, tó ń dán. Lábẹ́ pupa, búlúù tó dà bíi pé wọ́n po eérú mọ́ ọn. Lábẹ́ búlúù, àwọ̀ ewé tó ṣú. Lábẹ́ ìyẹn, àwọ̀ ilẹ̀ tó rí bí kòkó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà irin, tó funfun bí eyín ní àárín gbogbo wọn.

Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń kà á láti inú bọ̀ síta. Àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ń kun ọkọ̀ wọn ní 1942 àti 1943. Oṣù kẹrin 1944 ni àṣẹ jáde pé kó di àwọ̀ ewé, kó lè bá ti Amẹ́ríkà mu, kí wọ́n má baà máa tún gbogbo ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà kó wá fún wọn kùn. Títí dé ibẹ̀, ó bá ọjọ́ orí lọ́rì yìí mu. Búlúù eléérú ló dá mi dúró. Àwọn ológun òfurufú ló ń kun ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun le, tiwọn náà rí bíi ti àwọn ológun ilẹ̀. Ogun parí, wọ́n padà sí búlúù wọn.

Mo tún téèpù lẹ̀, mo sún sápá ọ̀tún, mo rọra ń bó pupa kúrò lórí búlúù, ìka méjì péré ni mo fi ń tẹ sáńdípépà. Ó tó wákàtí kan kí funfun kan tó yọ. Ó tẹ̀ kọrọ́dọ́ bí etí ife. Mo rò pé ìbó ni. Mo tún fọ̀ ọ́, mo nù ún: ẹsẹ̀ lẹ́tà R ni. A tẹ̀ lé e, F tẹ̀ lé A, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ abẹ́ róbótó yẹ́lò lọ.

Mo bó eteetí yẹ́lò náà díẹ̀. Àwọ̀ ewé òde òní ló wà lábẹ́ rẹ̀. Alántakùn yìí kò tíì dàgbà tó èmi.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú kúlà ìrẹsì ìdúpẹ́ ẹnìkan.

"Àbúrò, kí lo rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun."

Wọ́n ti rí i. Wọ́n fi ìka kan lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. "RAF, ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì? Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé e fún wọn lẹ́yìn tó ti Bọ́mà dé." Mo ní ó lè jẹ́. A jẹ ìrẹsì.

Mọ́ńdè

Ilé ìwé àpamọ́ ìjọba ní Kew kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo jókòó sílé pẹ̀lú nọ́ílọ́ọ̀nù ìwé tí ẹni tó tà á kó fún Ẹ̀gbọ́n. Rìsíìtì táyà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ti àtijọ́ wà níbẹ̀, èyí tó ní òǹtẹ̀ owó orí ọdọọdún, 1954 ló sì bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un nígbà tó di ọkọ̀ aráàlú ní lẹ́tà VO nínú. Láyé ìgbà yẹn, lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ ìlú tí ọkọ̀ ti gba nọ́ńbà, bíi ti Nàìjíríà níjọ́un. Nottinghamshire ló ni VO.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Nottinghamshire ni Ruddington wà, ọjà tí ìjọba ti ń ta ọkọ̀ ológun àlòkù. Mo fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí bí ọmọ ilé ìwé.

Túsìdè

Kew. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á bá mi lọ, àwọn náà fẹ́ fojú ara àwọn rí i. A dé ẹnu ọ̀nà kí n tó bi wọ́n pé ìwé tó ní àdírẹ́sì ilé dà. Káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti àgbàlagbà ni wọ́n yọ jáde. Wọn kò lè gba tíkẹ́ẹ̀tì òǹkàwé pẹ̀lú ìyẹn. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo gbàgbé láti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má banújẹ́, àwọn á jókòó síwájú adágún omi kí àwọn máa wo pẹ́pẹ́yẹ. Ojú wọn kò sọ ohun tí ẹnu wọn sọ.

Inú ibẹ̀ kò gba bíírò, pẹ́ńsù nìkan. Nọ́ílọ́ọ̀nù tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ ni wọ́n fún mi pé kí n kó ìwé àti fóònù sí. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn ọmọ ogun tó wà ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà wà ní ẹ̀ka tí wọ́n pè ní WO 172, ti àwọn tó wà nílé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà ní WO 173. Mo béèrè ti 81 Division. Páálí dé, okùn funfun ló dì í. Òórùn rẹ̀ rán mi létí àpótí ìyá mi àgbà.

Nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó síbẹ̀, lórí ìwé tí wọ́n gbé fún mi àti lórí èyí tí mo ti gbé sínú fóònù mi wá. Ohun tí mo ń wá ni lọ́rì. Ohun tí mo bá pàdé ni orí.

Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán 81 Division lọ, ní Arakan, apá ìwọ̀ oòrùn Bọ́mà, lábẹ́ Ọ̀gágun Woolner. Kò sí ọ̀nà kankan tó wọ ibẹ̀. Kí wọ́n tó lè jagun, ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ là: láti Chiringa dé Daletme, máìlì 75, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 120, lórí òkè àti nínú igbó, pẹ̀lú pikáàsì àti ṣọ́bìrì. Oṣù kìíní 1944 ni wọ́n là á já. Wọ́n pè é ní West African Way. Jíìpù nìkan ló gba ibẹ̀. Bedford tọ́ọ̀nù mẹ́ta tó bá kó sórí ọ̀nà yẹn, ìsàlẹ̀ àfonífojì ni wọn ì bá ti lọ ṣà á.

Lẹ́yìn Daletme, jíìpù pàápàá ò tó nǹkan mọ́. Àwọn ọmọ ogun aláàárù tí wọ́n ń pè ní Auxiliary Group ló ń fi orí ru ọta ìbọn, oúnjẹ, rédíò àti àwọn tó fara gbọgbẹ́. Láti òfurufú ni ọkọ̀ Dakota ti ń já oúnjẹ àti ohun ìjà sílẹ̀ fún wọn. Kò tíì sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó tó wọn níye tí wọ́n fi òfurufú nìkan bọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí tiwọn tó ṣẹlẹ̀. Àwọn òyìnbó fi àwọn aláàárù Áfíríkà sójú ogun yẹn nítorí wọ́n lè gba ibi tí mọ́tò kò lè gbà. Ìdí tí wọ́n fi mú wọn gan-an nìyẹn.

Kí n tó dá páálí padà mo tún rí ohun kan tó fẹ́ mú mi pariwo níbi tí wọ́n ti ní ká dákẹ́. 82 Division, àbúrò 81, àwọn náà lọ sí Arakan. Àmì tiwọn kì í ṣe ẹranko. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni, tí wọ́n gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká! Òṣùká tí ìyá mi fi ń ru iṣu wálé láti oko ni gbogbo ọmọ ogun yẹn gbé sí èjìká.

Mo jáde. Òtútù ti mú imú Ẹ̀gbọ́n pọ́n. Mo sọ ti ọ̀nà fún wọn, mo sọ ti jíìpù.

"Dẹ́rẹ́bà jíìpù ni bàbá mi nígbà náà," ni wọ́n wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní dẹ́rẹ́bà."

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti bi wọ́n bóyá ẹnì kankan gba ohùn bàbá sílẹ̀ rí. Wọ́n ronú títí a fi kọjá Hammersmith. Wọ́n ní ó yẹ kí kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́dọ̀ àbúrò àwọn obìnrin ní Mọ́kọ́lá, ti ìsọmọlórúkọ kan ní ìparí ọdún 1980 sí nǹkan. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì pariwo sí i tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo kóòṣì gbọ́.

Wẹ́sìdè

Bovington, ní Dorset, ibi tí Tank Museum wà. Èmi nìkan ni mo lọ, ẹ̀yìn ń dun Ẹ̀gbọ́n. Táyà mi fọ́ lọ́nà. Mẹkáníìkì tí kò ní jáàkì nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ẹ má bi mí.

Èèyàn máa rò pé ọkọ̀ àgbá nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé lórí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ náà. Mo ti kọ̀wé síwájú pé mò ń bọ̀. Ìwé àdéhùn tí ìjọba bá ilé iṣẹ́ ṣe máa ń sọ irú ọkọ̀, iye rẹ̀, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Kì í sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ ìyẹn, àwọn ológun ti dà á nù nígbà tí ogun parí. Ta ló rò pé ẹnì kan á tún wá béèrè lọ́rì kan ṣoṣo lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún? Nítorí náà, ẹni tó bá mú Bedford àsìkò ogun wá tó ní òun mọ ojú ogun tó dé, ẹ ní kó fi fọ́tò hàn yín. Bí kò bá sí fọ́tò, ọ̀dà. Bí kò bá sí ọ̀dà, ìtàn lásán ni.

Àwọn fọ́tò tí wọ́n kó síwájú mi ló pa ọ̀rọ̀ náà. Àmì division, iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń kùn ún sí, kékeré báyìí, kí ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lè rí i. Mo yẹ fọ́tò wò títí ọrùn fi ń ro mí. N kò rí èyí tó kun tirẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀ sáàárín ilẹ̀kùn bí orúkọ búrẹ́dì.

Mo ra ẹja àti ọ̀dùnkún díndín, mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, mo yí padà.

Tọ́sìdè

Ruddington. Nígbà ogun, ibi tí wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sínú bọ́ǹbù ni. Lẹ́yìn ogun, ìjọba sọ ọ́ di ọjà gbàǹjo. Láti ìparí ogun títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí nǹkan ni àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò igi, àwọn aláríyá ojú pápá àti àwọn oní gáráàjì fi ń wá síbẹ̀ wá ra lọ́rì, jíìpù, bàtà, àgọ́, ẹ̀rọ iná. Lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ ni. Adágún omi wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Mo dúró díẹ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀. Mo gbìyànjú láti fi ojú inú tò àwọn Bedford sórí koríko ní ìlà gígùn, ṣùgbọ́n ajá ẹnìkan wá ń gbó mi.

Orúkọ àkọ́kọ́ nínú ìwé ọkọ̀ ni ti oníṣòwò gẹdú kan ní abúlé tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti ju ọgọ́ta lọ, ó ń ta igi ìdáná. Mo fi fọ́tò ilẹ̀kùn hàn án lórí fóònù. Pupa yẹn ni ó kọ́kọ́ dá mọ̀, kì í ṣe lọ́rì. Ó ní pupa tiwọn ni, gbogbo ọkọ̀ wọn ló ní in, bàbá bàbá òun ló ń pò ó fúnra rẹ̀.

Ó wọlé lọ, ó gbé fọ́tò kan jáde nínú férémù. Bedford náà nìyẹn, wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ri ọ̀pá ìgbégi mọ́ ọn, ìtì igi kan tó nípọn ju èèyàn lọ so rọ̀. Ọkùnrin kékeré kan tó fi páìpù sẹ́nu dúró ti ilẹ̀kùn. Ó ní bàbá àgbà ra á ní Ruddington, ìlà àwọn ọkọ̀ ológun òfurufú ló ti mú un, nítorí ó gbà pé àwọn yẹn máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ju ṣọ́jà lọ. Èyí dùn mọ́ mi nínú. Oníbàárà gidi ni ọkùnrin yẹn. Lọ́rì náà kò tíì dé etí òkun rí, ó ní, nítorí bàbá àgbà béèrè: kò fẹ́ irin tí iyọ̀ ti wọ̀.

Alántakùn ńkọ́? Ẹ̀rín pa á. Ní 1986 ni wọ́n tà á fún àwọn kan tó ń wọ aṣọ ológun lọ ṣeré lójú pápá lópin ọ̀sẹ̀. Eku Desert Rat, àmì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jà ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, ti wà lára ọkọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n wá àmì tí ẹlòmíràn kò ní.

Mo dúpẹ́. Ó fún mi ní àpò igi ìdáná kan, ó kọ̀ kò gbowó.

Alẹ́ ni ohùn dé láti Mọ́kọ́lá. Ó yẹ kí n sọ fún ẹni tí kò mọ̀: ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Letmauk wà, bárékè ńlá Ìbàdàn. Ìlú kan ní Bọ́mà ló ń jẹ́ Letmauk. Bẹ́ẹ̀ náà ni Myhoung ní Yábàá àti Arakan ní Àpápá. A ń sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó níbẹ̀ lójoojúmọ́, a ò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ ta ni.

Àbúrò Ẹ̀gbọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, wọ́n gbé fóònù tì í. Ariwo ìlù, ẹkún ọmọ, ẹnìkan ń béèrè ẹran. Lẹ́yìn náà ni ohùn àgbàlagbà kan tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo pa iná, mi ò sùn.

Fúráìdè

Kent. Mo kọ́kọ́ sọ ti gẹdú, mo fi fọ́tò lọ́rì pupa hàn wọ́n. Mo sọ ti àwọn eléré. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí, wọ́n ń fi asọ nu sípánà tí kò dọ̀tí.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

Mo tẹ fóònù. Ìlù. Ọmọ. Ẹran. Lẹ́yìn náà ni bàbá wọn:

"Ní Bọ́mà, lórí ni gbogbo ẹrù wà. Orí yìí." Ìró àtẹ́lẹwọ́ sì tẹ̀ lé e, pá, pá, lórí ohun tó le. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan àárín orí, ibi tí irun ti tán.

"Lórí," ni wọ́n wí. Wọ́n tún un sọ, wọ́n gbé ohùn sókè bó ṣe yẹ kó lọ. "Ọmọ ọdún mẹ́fà, méje ni mí. Lọ́rì ni mo gbọ́. Ibo ni ẹrù tún lè wà bí kò ṣe inú lọ́rì?"

Mi ò fèsì. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ń sọ ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ dà bí ẹjọ́: pé bàbá kò jẹ́ kí àwọn fi orí ru omi rí. Àwọn ọmọ ilé yòókù ń lọ sí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú garawa, tiwọn, kẹ̀kẹ́ onígi ni bàbá kàn fún wọn. Wọ́n rò pé àkẹ́jù ni. Àwọn ará àdúgbò náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn tíì, wọ́n ní, "Àwọn ológun òfurufú yìí. Ṣebí ìwọ lo sọ pé òfurufú ni wọ́n ti ń já oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́rì yìí kò kúrò ní ìlú ọba."

"Mo gbọ́. Èmi ò sọ pé ó kúrò."

A gbà pé búlúù ni a óò kùn ún. Mo ti rí ẹni tó lè po àwọ̀ náà bí mo bá gé ìwọ̀n èékánná kan nínú ti àtijọ́ fún un. Nọ́ńbà RAF yẹn, a óò bo téèpù lé e, a ò ní kùn ún. Kàbúrétọ̀ dé láàárọ̀ yìí náà, gásíkẹ́ẹ̀tì kan kò sí nínú páálí rẹ̀.

Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bó ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n gba sáńdípépà lọ́wọ́ mi. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n kúnlẹ̀ lórí àpò, wọ́n ń yí i róbótó bí mo ṣe yí i, díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ alántakùn kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, méje ti lọ. Wọ́n ní kí n fi ìkẹjọ sílẹ̀ di ọ̀la, apá ti ń ro àwọn.